Ọjọ́ Tí Ephraim Gbé Bàbá Tiwalọpẹ́

Bí ẹ bá dé gáréèjì Ìlíṣàn tí ẹ bèèrè ẹni tó ń sáré jù láàárín àwọn oníkórópe, àwọn tó ń wa bọ́ọ̀sì kékeré, kíá ni wọ́n á nawọ́ sí Ephraim Olúsànyà. Ẹ̀fúùfù ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ọmọkùnrin náà ò burú o. Ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí àgbà, kì í mutí, kì í jalè. Ṣùgbọ́n ẹ fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lé e lọ́wọ́, ẹ̀yin náà á bi ara yín pé ta lẹ tún ń wò yìí. Ìlíṣàn sí Ìkẹ́nnẹ́, kí èrò ẹ̀yìn tó wá ṣéńjì owó ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n ti débẹ̀.

Eré nìkan kọ́. Láti ìgbà tí epo mọ́tò ti gbówó lórí ni Ephraim ti kó àṣà mìíràn mọ́ ọn. Yísà ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí wọ́n jọ ń ná ọ̀nà Ṣàgámù, ló kọ́ ọ. Bí mọ́tò bá ti gun òkè tán, tí ọ̀nà bá wá dà gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀, wọn á yọ gíà, wọn á fi sí fíríì, wọn á sì pa íńjìnnì. Mọ́tò á máa yí lọ fúnra rẹ̀, kò ní mu epo kankan. Ó di ìsàlẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i padà. Wọ́n ní ọgbọ́n ni. Èmi ò mọ irú ọgbọ́n tó ń mú ènìyàn pe orúkọ Jésù lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ìbínú tèmi sílẹ̀ ná.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń bá Ephraim wí tó ń gbọ́, ìyẹn Tiwalọpẹ́, ọmọge tó ń kọ́ àwọn ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìlárá. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ fi Tiwalọpẹ́ sí fíríì lórí òkè, etí rẹ̀ ya. "Bí o bá tún pa mọ́tò yìí nígbà tí mo wà nínú rẹ̀," ni Tiwalọpẹ́ wí, "èmi náà á pa fóònù mi, o ò ní gbóhùn mi mọ́." Ephraim bẹ̀ ẹ́ títí. Kò fi Tiwalọpẹ́ sí i mọ́ lóòótọ́. Àwọn èrò yòókù ló ń fi sí i.

Ìfẹ́ wọn gún régé. Ibi tí wàhálà wà ni bàbá ọmọ. Alàgbà Bánkọ́lé ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì, alàgbà sì ni nínú ìjọ Adífẹ́ńtì ní Ìlíṣàn, àwọn tó ń fi Sátidé sin Ọlọ́run. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, Tiwalọpẹ́ nìkan ni ọmọ tó ní láyé. Nígbà tí Ephraim lọ fi ara rẹ̀ hàn án, bàbá náà ò lé e, kò sì gbà á. Ó kàn yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Ephraim, o ń wá sí ìjọ déédéé, o mọ ọ̀wọ̀ àgbà, mo rí i," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n mo ti rí ọ lójú títì náà. Mi ò lè fi ọmọ kan ṣoṣo fún ẹni tó máa gbé e kọ lu trélà. Lọ́jọ́ tí èmi fúnra mi bá wọ mọ́tò rẹ, tí mo sì sọ̀ kalẹ̀ láìgbọ̀n, ọjọ́ yẹn la ó sọ̀rọ̀ ìyàwó."

Oṣù ń gorí oṣù, bàbá ò wọ mọ́tò. Àfi bó ṣe di ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan tó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Màmá Morónkẹ́, ní Makun ní Ṣàgámù. Tiwalọpẹ́ ló dá ọgbọ́n sí i. Ó ní kí bàbá òun má wulẹ̀ dààmú láti wá ọkọ̀ nígbà tó bá ń bọ̀, Ephraim yóò lọ gbé e. Ó wá pe Ephraim sórí fóònù.

"Ẹ̀fúùfù, ẹ̀ẹ̀kan péré nìyí o. Ṣe jẹ́jẹ́. Kí Bàbá rò pé ẹyin ni o gbé."

"Ẹyin kẹ̀? Tiwa mi, wọ́n á sùn lọ nínú mọ́tò."

Ẹ ò ní mọ bí Ephraim ṣe palẹ̀ mọ́. Ó fọ kórópe náà títí tí orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín fi hàn lára ilẹ̀kùn. Ó ra aṣọ tuntun bo ìjókòó iwájú. Ó fín lọ́fínńdà sí i, ó yọ ẹ̀rọ orin aláriwo kúrò, ó fi orin ìjọ sí i. Gbogbo rẹ̀ ló ṣe tán, àfi ẹyọ kan: kò ra epo. Ìlà tó tò níbi tí wọ́n ti ń tà á ní Ṣàgámù gùn, owó tó sì kù lọ́wọ́ rẹ̀ ló ti lọ sórí aṣọ ìjókòó. Ó wo gééjì, ó wo ọ̀nà lọ́kàn rẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wà lẹ́yìn Ìkẹ́nnẹ́. Ó ní fíríì á gbé òun délé.

Ó yẹ kí n sọ fún yín pé nílé Alàgbà Bánkọ́lé, bí oòrùn Jímọ́ọ̀ bá ti wọ̀, Ọjọ́ Ìsinmi ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Oúnjẹ ti gbọ́dọ̀ jinná, aṣọ ti gbọ́dọ̀ wà ní lílọ̀, kò sí rírà kò sí títà mọ́ títí oòrùn Sátidé náà yóò fi wọ̀. Ephraim náà mọ èyí dájú, ọmọ ìjọ kan náà ni wọ́n. Ẹni tí kò bá ra epo kí oòrùn tó wọ̀, kò tún ní epo í rà.

Bí Ephraim ṣe dé Makun, Màmá Morónkẹ́ ń ro ìkókoré lọ́wọ́. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni ìyá yìí, ọjọ́ Sọ́ńdè ni tirẹ̀, kò bá oòrùn Jímọ́ọ̀ du nǹkan kan.

"Ẹ jókòó," ni ó wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, oòrùn ń lọ," ni Alàgbà wí.

"Kó máa lọ. Ṣé èmi ni mo so ó mọ́kè ni? Ọmọ Rẹ́mọ wo ló ń fi ìkókoré sílẹ̀ nítorí oòrùn? Ìwọ dírẹ́bà, wá jẹun jàre."

Kò sẹ́ni tó ń bá Màmá Morónkẹ́ jiyàn tó ń jàre. Wọ́n jẹun. Ó bù sí i. Wọ́n tún jẹ. Nígbà tó fi máa jẹ́ kí wọ́n dìde, oòrùn ti rọlẹ̀ pátápátá, Alàgbà sì ti ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ gbà mí gbọ́, ọmọ yìí wakọ̀ dáadáa láti Makun dé Ìkẹ́nnẹ́. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò fọnfèrè sí ẹnikẹ́ni, ọ̀kadà já sí i níwájú, ó ní, "Ẹ máa lọ, ẹ̀gbọ́n." Alàgbà tó kọ́kọ́ di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú pinpin ti tú ọwọ́ sílẹ̀, ó tiẹ̀ ti ń bá orin lọ lábẹ́ ètè. Inú Ephraim ń dùn ṣìnkìn. Ó ti ń rí ara rẹ̀ nínú aṣọ òkè, pẹ̀lú Tiwalọpẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń ta epo létí Ìkẹ́nnẹ́. Ìlà wà níbẹ̀ díẹ̀, kò pọ̀.

"Ephraim, epo inú rẹ̀ ńkọ́?" ni Alàgbà bèèrè. "Bí kò bá tó, jẹ́ ká yà. Bí oòrùn bá wọ̀, a ò lè rà á mọ́ o."

Ẹ wò ó, ibẹ̀ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Kó kàn ní, "Kò tó, sà," ó tán. Bàbá náà á tiẹ̀ bá a sanwó epo ọ̀hún. Ṣùgbọ́n ìtìjú mú un. Kí ló fẹ́ sọ pé òun ń ṣe láti àárọ̀? Ta ló ń gbé àna láìrọ epo?

"Epo pọ̀, sà," ni Ephraim wí. "Ó kún dẹ́múdẹ́mú."

Ọwọ́ gééjì ti sùn sílẹ̀ bí ẹni tí ibà ń ṣe.

Wọ́n jáde ní Ìkẹ́nnẹ́, wọ́n gun òkè. Kí wọ́n tó dé orí rẹ̀, íńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rù ba Ephraim. Bí wọ́n ṣe gun ún tán báyìí, tí ọ̀nà dà sílẹ̀ lọ síbi afárá odò kékeré kan, ó rọra yọ gíà, ó fọgbọ́n yí kọ́kọ́rọ́, ó pa á. Gbogbo rẹ̀ dákẹ́ lọ wọ̀ọ̀.

Alàgbà Bánkọ́lé gbórí sókè, ó rẹ́rìn-ín. "Ephraim! Mọ́tò rẹ yìí mà dára o! Mi ò tiẹ̀ gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́."

"Mò ń tọ́jú rẹ̀, sà."

Mọ́tò ń yí lọ. Ó ń yára. Igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í sá kọjá. "Dín eré kù díẹ̀," ni Alàgbà wí, Ephraim sì tẹ bíréèkì, ó gbọ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó gbọ́ díẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, àfi bí ẹni tẹ ògiri. Ohun tí Yísà ò sọ fún un nìyẹn, tàbí tí òun ò dúró gbọ́: íńjìnnì ló ń fún bíréèkì lágbára, bí íńjìnnì bá ti kú, bíréèkì náà á le. Nísàlẹ̀ níbi afárá, kẹ̀kẹ́ Márúwá kan tó ru ẹ̀gẹ́ dúró gbagidi sójú ọ̀nà, táyà rẹ̀ ti jò, ẹni tó ni ín ń wá jáàkì.

Ephraim yí kọ́kọ́rọ́ padà. Íńjìnnì ṣe kọ̀kọ̀kọ̀, kò dáhùn. Epo wo ló wà ńbẹ̀ tó máa fi dáhùn?

"Ephraim, kẹ̀kẹ́! Kẹ̀kẹ́ wà níwájú!"

"Mo rí i, sà! Mò ń rí i, sà!"

"Ṣé rírí nìkan lo fẹ́ máa rí i ni?"

Ó fa bíréèkì ọwọ́, táyà ké. Ó di sítíárìn mú tọwọ́ tẹsẹ̀, ó yí i sápá ọ̀tún pẹ̀lú gbogbo agbára ìkókoré tó jẹ, kórópe sì fò kúrò lójú títì, ó wọ àgbàlá àwọn obìnrin tó ń yan gààrí. Ọlọ́run yọ wọ́n, gbogbo àwọn obìnrin náà wà nídìí ààrò lódì kejì. Òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ ńlá kan ló wà níwájú, ti ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn, ó ti ń jẹrà. Gbìì! Kórópe wọ inú rẹ̀ dé ìdajì, ó dúró.

Kò sẹ́ni tó farapa. Alàgbà ṣí ilẹ̀kùn, èèpo ẹ̀gẹ́ ya wọlé bá a lórí itan. Nígbà tó fi máa jáde, ó dà bí ẹni tí wọ́n fi awọ mìíràn bò lára. Ìyá Ràbíátù, olórí àwọn tó ń yan gààrí, ti sáré dé, ó di orí mú.

"Yéè! Bíréèkì já! Bíréèkì ọmọ yìí ló já! Ẹ wo bó ṣe yí i kúrò lójú títì, ìbá ti pa ènìyàn! Ọmọ, dírẹ́bà gidi ni ọ́ o!"

"Dírẹ́bà gidi ni!" ni àwọn yòókù gbè é.

Ephraim la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Wọ́n ti omi inú ọ̀rá bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kó tó gbé e mì, Alàgbà Bánkọ́lé ti dì mọ́ ọn, tèèpo tèèpo, omi sì wà lójú bàbá náà.

"Ọmọ mi," ni ó ń wí. "Ọmọ mi. O gba ẹ̀mí mi là."

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí lẹ fẹ́ kó sọ? Ó dákẹ́.

Wọ́n fi kórópe síbẹ̀, Ìyá Ràbíátù ní kò sóhun tó máa ṣe é. Ìlíṣàn ò jìnnà mọ́, oòrùn sì ti ń wọ̀, ni àwọn méjèèjì bá ń fẹsẹ̀ rìn lọ, wọ́n ń rùn fùfù. Alàgbà di ọwọ́ Ephraim mú bí ẹni pé òun ni dírẹ́bà báyìí.

"Mo ti ṣì ọ́ mọ̀," ni ó wí. "Mo ní o ń sáré. Èmi ò mọ̀ pé ọjọ́ tí bíréèkì bá já, ọwọ́ rẹ ló máa yọ mí. Láti òní lọ, mo fi Tiwalọpẹ́ fún ọ. Sọ fún àwọn òbí rẹ kí wọ́n máa bọ̀."

Ohun tí Ephraim ti ń gbàdúrà fún nìyẹn. "Ẹ ṣé, sà," nìkan ló lè sọ, ó sì ń wo ilẹ̀.

Tiwalọpẹ́ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n dé. Bàbá rẹ̀ ro gbogbo rẹ̀ fún un ní ìdúró, ó wọlé lọ wẹ̀ kíákíá nítorí oòrùn. Tiwalọpẹ́ pọn omi fún Ephraim lẹ́yìn ilé, ó ká apá mọ́ àyà, ó ń wò ó bó ṣe ń ṣan èèpo ẹ̀gẹ́ kúrò ní etí.

"Ephraim."

"Ẹn-ẹ́n."

"Ṣé bíréèkì ló já?"

Ephraim dojú kọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fọ ọ́. Ẹsẹ̀ náà ti mọ́ tipẹ́.

"O fi bàbá mi sí fíríì," ni Tiwalọpẹ́ wí. Kò pariwo. Ìbá kúkú pariwo.

"Tiwa, jọ̀ọ́. Wọ́n ti fi ọ́ fún mi. Wọ́n ní kí àwọn òbí mi máa bọ̀."

"Mo gbọ́. Mi ò sì ní sọ fún wọn, ọ̀rọ̀ rẹ ni, kì í ṣe tèmi. Ṣùgbọ́n lọ́la, Bàbá máa jẹ́rìí nínú ìjọ. Wọ́n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí bíréèkì tí kò já, wọ́n ò sì ní mọ̀. Ìwọ lo máa jókòó síbẹ̀, tí o máa ṣe àmín." Ó gbé korobá omi, ó wọlé.

Ephraim ò sùn dáadáa. Ní àárọ̀ Sátidé, ó wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá nínú ìjọ. Àkókò ẹ̀rí dé, Alàgbà Bánkọ́lé gba gbohùngbohùn, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rí náà dùn! Òkè náà ga ju bó ṣe ga lọ. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ti di trélà. Odò kékeré ti kún ya bo etí rẹ̀. "Bíréèkì já!" ni ó wí, ìjọ ní, "Yéè!" "Ọmọ yìí ò fi sítíárìn sílẹ̀!" Ìjọ ní, "Halelúyà!" "Mo sì ti fi ọmọ mi fún un!" Ìjọ dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́, àwọn ìyá ń jó. "Ephraim, máa bọ̀ níwájú ibí, wá dúpẹ́!"

Kò sí ọ̀nà tó gùn tó ọ̀nà àárín ìjókòó ìjọ lọ́jọ́ náà. Tiwalọpẹ́ wà láàárín àwọn akọrin, kò pàtẹ́wọ́, kò sì bojú jẹ́. Ó kàn ń wò ó. Alàgbà fa gbohùngbohùn lé Ephraim lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín rẹ̀ ló wà níta. Bàbá yìí ò rẹ́rìn-ín sí i báyẹn rí. Ephraim wo ojú náà, ó mọ̀ pé bí òun bá ṣe àmín, ojúmọ́ kan ò ní mọ́ tí ẹ̀rín yẹn ò ní máa gún òun.

"Bíréèkì ò já," ni ó wí.

Ìjọ ń pàtẹ́wọ́ lọ, wọn ò tíì gbọ́.

"Mo ní bíréèkì ò já! Èmi ni mo pa íńjìnnì. Mi ò ra epo. Ẹ bi mí, mo parọ́ fún yín, sà, mo ní ó kún. Mo fi mọ́tò sí fíríì lórí òkè kí n lè fi ìwọ̀nba epo tó kù délé, ìyẹn ló jẹ́ kí bíréèkì le. Mi ò gba ẹ̀mí yín là. Èmi ni mo fẹ́ pa yín." Ó kọjú sí Alàgbà. "Ẹ má bínú, sà. Ó tì mí lójú ni."

Ìyá kan tó ń jó dúró pẹ̀lú apá lókè. Pásítọ̀ wo òrùlé. Alàgbà Bánkọ́lé yọ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó nù ún, ó nù ún, ó tún gbé e sójú. Ó gba gbohùngbohùn padà.

"Ephraim, lánàá, lójú ọ̀nà, mo fi ọmọ mi fún ọ. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mo gbà á padà."

Ẹnì kan mí kanlẹ̀ lẹ́yìn. Ephraim tẹ orí ba. Ó ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí, síbẹ̀ ó dùn ún dé eegun. Ó yí padà láti máa lọ.

"Níbo lò ń lọ? Mo ti parí ọ̀rọ̀ ni?" Alàgbà kojú sí ìjọ. "Ẹ̀yin ará, ẹni tí mo fún lọ́mọ lánàá, òpùrọ́ ni, mi ò sì mọ̀. Mo ti gba ọmọ mi lọ́wọ́ rẹ̀, ó tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró síbí lónìí, tó mọ̀ pé òótọ́ máa gba ìyàwó lọ́wọ́ òun tó sì sọ ọ́, ẹni yẹn ò tíì wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ mi rí." Ó bojú wo Ephraim. "Mi ò sì mọ ohun tó ń dúró dè."

Ephraim dúró bí òpó, ọ̀rọ̀ náà ò tíì wọ̀ ọ́ lórí. Àárín àwọn akọrin ni ohùn ti jáde.

"Ephraim! Dọ̀bálẹ̀!"

Ó ti nà gbalaja sílẹ̀ kí Tiwalọpẹ́ tó pa ẹnu dé, pẹ̀lú aṣọ funfun. Ìjọ bú sẹ́rìn-ín, àwọn ìyá tún bẹ̀rẹ̀ ijó láti ibi tí wọ́n ti dáwọ́ dúró.

"Ó dáa," ni Alàgbà Bánkọ́lé wí nígbà tí ariwo rọlẹ̀ díẹ̀. "Kí àwọn ẹbí rẹ máa bọ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwọ lo máa gbé wọn wá o."